Máṣíìnì tuntun, ilé ìdáná kékeré: kí ni kí n kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe?

Akọ́ṣẹ́ Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ ni mo wá tọrọ. Mo ra máṣíìnì tòkunbọ̀ kan, Butterfly tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Mo lè rán ojú kan gbọọrọ kí ó má wọ́, ibẹ̀ náà ni mo mọ̀ ọ́n dé. N kò fẹ́ fi bùbá tàbí ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀. Àgékù aṣọ ẹbí kún àpò kan fọ́fọ́ nílé, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìdáná mi ṣófo: àkísà ni mo fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀, ògì tí mo ń rà lọ́jà sì máa ń ní iyanrìn nígbà mìíràn.

Mo fẹ́ ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè rán parí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí yóò sì wúlò nídìí ààrò. Bí oúnjẹ kan bá wà tó rọrùn láti máa ṣe fúnra ẹni, ẹ fi kún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀ àti irú aṣọ tó yẹ.

---

Aránṣọ Gbági

Káàbọ̀ o, ọmọ mi. Máṣíìnì ọwọ́ dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí kò ní sáré jù ọ́ lọ. Aṣọ tí a fi ń gbé ìkòkò ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Fọ ankara rẹ, sá a, lọ̀ ọ́, kí o tó gé e. Aṣọ òwú máa ń súnkì nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án. Bí o bá rán an kí o tó fọ̀ ọ́, etí rẹ̀ yóò ká jọ lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, gé ankara méjì, 8 ínǹṣì sí 8 ínǹṣì. Gé táwẹ́ẹ̀lì tó ti gbó sí ìwọ̀n kan náà, méjì pẹ̀lú. Bí táwẹ́ẹ̀lì náà bá ti fẹ́lẹ́, sọ ọ́ di mẹ́ta.

Bí wàá ṣe tò ó nìyí: táwẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀, ankara kan lórí rẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sókè, ankara kejì lórí ìyẹn kí ojú rẹ̀ dojú kọ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn aṣọ ni wàá máa rí lókè. Wá ègé aṣọ 2 ínǹṣì sí 5 ínǹṣì, ká a ní gígùn kí etí rẹ̀ wọnú, rán an, kí o ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Òun ni a ó fi máa gbé e kọ́ ara ìṣó. Fi sí àárín ankara méjèèjì ní igun kan, kí ẹnu rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Fi píìnì mú gbogbo rẹ̀ pọ̀. Rán an yí ká, 1/2 ínǹṣì sí etí, ṣùgbọ́n fi ààyè 3 ínǹṣì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Gé ṣóńṣó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, kí sísọ́ọ̀sì má kan ojú rírán. Yí i síta láti inú ààyè yẹn, fi ẹ̀yìn ṣíbí ti igun rẹ̀ jáde, lọ̀ ọ́, kí o wá rán etí rẹ̀ yí ká kí ẹnu tó ṣí náà pa dé. Níkẹyìn, rán ojú méjì láti igun dé igun kí wọ́n pàdé láàárín, kí táwẹ́ẹ̀lì inú má baà máa rìn.

Igun ni mo fẹ́ kí o fi kọ́. Bí o bá ti dé ibẹ̀, jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, yí aṣọ, sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, kí o máa lọ. Ẹni tó bá mọ igun yí lè rán ìrọ̀rí, ó lè rán àpò, ó lè rán aṣọ tábìlì. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 tó fún ankara lásán, ṣùgbọ́n fún ìpele aṣọ mẹ́rin yìí, 16 ni kí o fi sí i.

Má fi gbé ìkòkò nígbà tó bá tutù o. Omi inú rẹ̀ ni yóò gbé ooru wá bá ọwọ́ rẹ.

---

Ọmọ Ẹ̀gbá

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní ankara ló jẹ́ òwú. Polyester wà nínú ọ̀pọ̀ wọn báyìí, polyester sì máa ń yọ́ bí iná bá rà á. Kí àbúrò wa gé fọ́nrán díẹ̀ lára etí aṣọ, kí ó fi irin mú un, kí ó sáná sí i lórí àwo. Òwú yóò jó bí ìwé, òórùn ìwé tó jóná ni yóò gbọ́, eérú rẹ̀ yóò sì rọ̀. Polyester yóò ká jọ, yóò yọ́, ohun tó máa ṣẹ́ kù yóò le kókó bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó bá ti yọ́, kí ó má lò ó fún ìkòkò. Kí ó fi rán àpò tàbí ohun mìíràn.

Àdìrẹ tiwa láti Ìtókú náà dára fún un tó bá jẹ́ òwú ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣàn án léraléra títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí aró má baà ràn mọ́ táwẹ́ẹ̀lì.

---

Ìyá Ìbejì

Aránṣọ Gbági ti sọ ibi tó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ọmọ yìí rán ni asẹ́ ògì. Ó ní ògì ọjà máa ń ní iyanrìn. Bí ó bá ní asẹ́ tirẹ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn nìyẹn. Aṣọ kan ṣoṣo yìí ni yóò fi sẹ́ ògì, òun ni yóò fi sẹ́ wàrà sóyà, òun náà ni yóò fi fún omi àgbọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun gbogbo tí a lè rán fún ilé ìdáná lọ, torí lójoojúmọ́ la máa ń fọwọ́ kàn án.

Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí o rà, yáàdì kan tó. Gbé e sókè kọjú sí oòrùn: ó yẹ kí o rí ìmọ́lẹ̀ láàárín fọ́nrán rẹ̀, ṣùgbọ́n kí o má lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ihò rẹ̀ bá fẹ̀ jù, eérí yóò bá ògì jáde. Bí ó bá dí jù, wàá dúró títí ọwọ́ rẹ yóò fi ro ọ́. Má ra aláwọ̀. Ṣífọ́ọ̀nù tí àwọn ológì ń lò máa ń yára sẹ́, ó sì máa ń tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ohun tútù nìkan ni kí o fi sẹ́. Bí o bá fẹ́ èyí tó lè gba ohun gbígbóná, òwú ni kí o rà.

Se aṣọ náà nínú omi híhó kí o tó gé e, kí sítáàṣì ara rẹ̀ lè jáde. Gé e ní 16 ínǹṣì ní ìbú àti 40 ínǹṣì ní gígùn. Yáàdì kan kò gùn tó 40, nítorí náà gé e láti ìbú aṣọ, tàbí kí o fi 34 ṣe é, kò sí ohun tó bà jẹ́. Ṣẹ́ ẹ po sí méjì kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ní ojú rírán rárá. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló kù láti rán, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà:

Kọ́kọ́ rán an ní *ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn*, kí ojú aṣọ wà níta, 1/4 ínǹṣì sí etí. Gé etí náà kù díẹ̀, kí fọ́nrán kankan má yọ. Wá yí àpò náà padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ síta, tẹ ojú rírán náà dáadáa, kí o tún un rán ní 3/8 ínǹṣì sí etí. Etí tó ń yọ òwú ti há sínú báyìí. Bí o bá tún yí i padà, wàá rí i pé inú àpò àti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bákan náà. Ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé fọ́nrán òwú kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ohun tí a fẹ́ jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àpò yìí yóò máa gba fífún àti títẹ̀. Ojú kan ṣoṣo kì í pẹ́ ya.

Ẹnu rẹ̀ ló kù. Ká a wálẹ̀ ní 1/4 ínǹṣì, tún un ká ní 1 ínǹṣì, rán an yí ká, fi ààyè tí okùn yóò gbà wọlé sílẹ̀. So píìnì aláàbò mọ́ orí okùn, fi tì í yí ká títí yóò fi jáde. Bí o bá fa okùn, ẹnu àpò yóò pa dé, wàá lè gbé e kọ́ sókè kí ó máa ro.

---

Akọ́ṣẹ́ Òṣogbo

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ìyá mi. Aṣọ ìgbékòkò ti wà lára ìṣó báyìí, igun mẹ́ta mú dáadáa, mo ń tún ìkẹrin ṣe. Nídìí asẹ́ ni mo wà. Òwú ń dì gbúngbùn sábẹ́ aṣọ, ojú òkè mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí jágajàga, nígbà mìíràn òwú á tún já. Ṣé máṣíìnì ló bàjẹ́?

---

Mẹkáníìkì Máṣíìnì

Rárá, kò bàjẹ́. Ohun tí o bá rí lábẹ́ aṣọ, òwú òkè ló sábà máa ń fà á. Tú òwú òkè kúrò pátápátá. Gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, torí nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, abọ́ méjèèjì tó ń di òwú mú ti pa dé, òwú kò ní lè wọ àárín wọn. Tún un fi gba gbogbo ojú ọ̀nà rẹ̀, má fo apá tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ; ní òdìkejì, kòtò gbọọrọ kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ dé ojú abẹ́rẹ́. Fi èékánná wá a. Ọ̀nà kòtò yẹn ni òwú ń gbà wọnú ojú abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ sí i lódì, òwú yóò máa já, kò sí ohun tí èèyàn yóò ṣe sí i. Ti abẹ́rẹ́ sókè títí kò fi ní lè lọ mọ́, kí o tó dì í.

Fún aṣọ fẹ́lẹ́ bí ti asẹ́, yọ nọ́ńbà 16 kúrò, fi 11 tàbí 12 sí i. Nígbà tí o bá ń bẹ̀rẹ̀, fa òwú òkè àti ti bọ́bìn (kẹ̀kẹ́ òwú kékeré tó wà nísàlẹ̀) sẹ́yìn, di orí méjèèjì mú títí wàá fi rán bí ojú mẹ́ta. Orí òwú tí kò sẹ́ni tó dì í mú ló máa ń wọ́ jọ sábẹ́. Kí o sì kán epo máṣíìnì sí i. Má fi òróró ìdáná ṣe é, yóò dì mọ́ ọn.

---

Ìyá Ìbejì

Ọlọ́run yóò bù kún yín, sà. Ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ ìdáhùn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká fi asẹ́ ṣiṣẹ́. Ọmọ mi, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àgbàdo púpọ̀, ìdajì kóńgò tó fún ẹnì kan. Funfun tàbí pupa, èyí tó bá wù ọ́. Ṣà á: òkúta, èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tó ti bu. Fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kí omi bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa torí yóò wú, kí o dé e. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni. Nígbà tó bá tó, wàá rí ìfóòfó kéékèèké lójú omi, òórùn rẹ̀ yóò ti kan díẹ̀, bí o bá sì fi èékánná tẹ hóró kan, yóò wọlé.

Fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Wá bu ìwọ̀nba sínú àpò asẹ́, kì í ṣe àkúnya. Tẹ́ ẹnu àpò sórí ìkòkò ńlá, máa da omi sí i, máa fi ọwọ́ rò ó nínú àpò. Omi funfun bíi wàrà ni yóò máa jáde. Bí ó bá ti ń mọ́, fa okùn, di ẹnu rẹ̀, fún un. Ohun tó kù nínú àpò ni eérí, ẹran ọ̀sìn fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹnìkan ládùúgbò bá ń sin ewúrẹ́, gbé e fún un.

Fi omi ògì náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ògì yóò ti sọ̀ sílẹ̀, omi tó mọ́ yóò wà lókè. Rọra dà á. Omidùn nìyẹn, má dà á nù o, ó ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Bí o bá fẹ́ kí ògì rẹ kan sí i, jẹ́ kí ó tún sùn. Bí o kò bá fẹ́ kíkan, gbé e sínú fíríìjì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo máa ń dà á padà sínú àpò asẹ́ tí mo ti fọ̀, màá gbé òkúta tó mọ́ lé e kí omi rẹ̀ ro, màá wá pín in sí ọ̀rá kéékèèké sínú fírísà. Ẹni tí kò ní iná mànàmáná, kí ó máa fi omi tútù bo ògì rẹ̀, kí ó máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́.

---

Ológì Ìjẹ̀bú

Màmá ti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ibì kan ni ọ̀rọ̀ mi ti yà sí tiwọn. Tèmi, mo máa ń pààrọ̀ omi tí a fi rẹ àgbàdo lójoojúmọ́, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru máa ń mú kí ó tètè kan, òórùn rẹ̀ á sì le jù fún ẹni tó fẹ́ fún ọmọdé. Àwọn tó fẹ́ràn ògì kíkan kì í pààrọ̀ rẹ̀, mo mọ̀. Kí ó wo èyí tí ẹnu òun fẹ́.

Nípa ẹlẹ́rọ: ẹ̀rọ tó ń lọ ata ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń lọ àgbàdo. Lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ata, tàbí kí o tẹ̀lé ẹni tó lọ àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Sọ fún wọn kí wọ́n ṣan ẹ̀rọ, kí o sì jẹ́ kí ìwọ̀nba àgbàdo tó bá kọ́kọ́ jáde lọ sọ́tọ̀. Mo ti rí ọmọ tó ń sunkún nídìí ife ẹ̀kọ torí ata.

Bí o bá fẹ́, fi atalẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀ sí àgbàdo kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo ilé nígbà tí a bá ń po ẹ̀kọ.

---

Ará Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Fún àwa tí a wà lókè òkun, mo fẹ́ sọ pé ó ṣeé ṣe níbí. Àgbàdo funfun gbígbẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa ní Rye Lane. Kò sí ẹlẹ́rọ, bùlẹ́ńdà ni a ní, ẹ jẹ́ kí àgbàdo rọ̀ dénú kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀, kí omi pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sinmi láàárín kí bùlẹ́ńdà má baà gbóná jù. Kò ní kúnná tó ti ẹ̀rọ, nítorí náà eérí yóò pọ̀. Ẹ da eérí náà padà sínú bùlẹ́ńdà pẹ̀lú omi, kí ẹ tún un sẹ́.

Òtútù ni wàhálà wa. Nígbà òtútù, ọjọ́ mẹ́ta kì í tó fún àgbàdo láti kan. Inú ófùnù (ààrò ìgbàlódé) tí a kò tan, tí iná gílóòbù inú rẹ̀ nìkan ń tàn, ni mo máa ń gbé tèmi sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ẹ máa fi òórùn mọ̀ ọ́n, ẹ má fi ọjọ́ kà á.

Àpò asẹ́ tí Ìyá Ìbejì júwe yẹn dára fún wa gan-an torí a kò ní ìkòkò ńlá àti àgbàlá. Mo máa ń gbé e kọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi lókè síǹkì, á máa ro fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá ń ṣe nǹkan mìíràn.

---

Ọmọ Ìlọrin

Ìyá Ìbejì ní ká má da omidùn nù, mo ti ń retí ẹni tí yóò sọ ohun tí a ó fi ṣe. Àwọn àgbà máa ń fi rẹ àgbo, a mọ ìyẹn. Ẹ̀yin ará, ẹ fi ṣe wàrà sóyà, èyí tí àwọn kan ń pè ní bẹ́sikẹ́!

Rẹ ẹ̀wà sóyà kọ́ọ̀bù 3 mọ́jú. Bó èèpo rẹ̀, fọ̀ ọ́, lọ̀ ọ́ kúnná. Fi àpò asẹ́ sẹ́ ẹ pẹ̀lú omi bíi kọ́ọ̀bù 12. Gbé wàrà náà kaná, máa rò ó kí ìdí rẹ̀ má jóná; fojú sí i, torí yóò ru sókè lójijì. Bí ó bá ti hó, dín iná kù, jẹ́ kí ó máa hó fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má gé e kúrú. Sóyà tí kò jinná kì í ṣe ara lóore, òórùn ẹ̀wà tútù kì í sì í kúrò lára rẹ̀.

Wá bu omidùn tó ti kan dáadáa, máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, rọra rò ó lẹ́ẹ̀kan, dúró. Yóò ya sí méjì: wàrà yóò ṣù jọ, omi ìsàlẹ̀ yóò mọ́. Bí omi náà bá ṣì funfun, fi omidùn kún un. Kì í ní iye kan pàtó, bí ògì bá ṣe kan sí ló ń ṣiṣẹ́ sí. Bù ú sínú àpò òwú (gbígbóná ni o, ẹ má lo ṣífọ́ọ̀nù), fún ẹnu rẹ̀, gbé nǹkan wúwo lé e fún bíi wákàtí kan. Gé e, fi iyọ̀ àti ata pa á lára, dín in. Ọmọ mélòó kan ni mo mọ̀ tí wọn kì í jẹ ẹran mọ́ bí èyí bá wà nílẹ̀.

Fún ẹni tó ń po ẹ̀kọ fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ lè fi díẹ̀ nínú wàrà sóyà olómi tó jinná, kí ẹ tó da omidùn sí i, po ògì rẹ̀. Ògì nìkan kò ní èròjà tó ń mú ara dàgbà tó. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti ṣe ògì tí wọ́n po sóyà mọ́ nítorí rẹ̀ gan-an.

---

Akọ́ṣẹ́ Òṣogbo

Asẹ́ ti parí! Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ti fi sí i lódì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, bí mẹkáníìkì ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ògì mi ti sùn, mo ti mu ún láàárọ̀ òní pẹ̀lú àkàrà, kò sí iyanrìn kankan nínú rẹ̀. Inú mi dùn gidigidi. Wàrà sóyà ló kàn.

Ìbéèrè méjì: ṣé mo lè fi yáàdì kan ankara rán épírọ́ọ̀nù? Ọ̀rẹ́ mi kan sì ń kà yín, kò ní máṣíìnì rárá. Ṣé ó lè fi ọwọ́ rán asẹ́ tirẹ̀?

---

Aránṣọ Gbági

Ọmọ dáadáa. Yáàdì kan tó.

Yáàdì kan jẹ́ 36 ínǹṣì, ìbú ankara sì máa ń tó 45. Gé ara épírọ́ọ̀nù ní 28 ínǹṣì ní ìbú, 34 ní gígùn. Ṣẹ́ ẹ po sí méjì ní gígùn. Láti ojú ìpo, wọn 5 ínǹṣì lókè, sàmì sí i. Láti òkè, wọn 10 ínǹṣì wálẹ̀ ní etí, sàmì sí i. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó tẹ̀ wọnú láti àmì kan dé èkejì, bí ìgbà tí a ń gé abẹ́ apá. Gé e. Bí o bá tú u, àyà rẹ̀ yóò jẹ́ 10 ínǹṣì, ìsàlẹ̀ yóò fẹ̀.

Nínú 17 ínǹṣì tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, gé ọ̀já mẹ́ta tó fẹ̀ ní 3 ínǹṣì, tó gùn ní 36. Méjì fún ìbàdí, ọ̀kan fún ọrùn. Gé ti ọrùn kù sí bíi 24, kí o fi wọ ara rẹ wò kí o tó rán an pa. Èyí tó ṣẹ́ kù yóò ṣe àpò 8 sí 9 ínǹṣì. Ṣẹ́ etí ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, 1/4 ínǹṣì lẹ́ẹ̀mejì, torí bí o bá ṣẹ́ ẹ fẹ̀, yóò hunjọ. Etí aṣọ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí kì í tú, bí ó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré. Níbi tí ọ̀já bá ti pàdé ara aṣọ, rán an ní onígun mẹ́rin kí o sì fi ojú méjì kọ ara wọn láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já.

Nípa ọ̀rẹ́ rẹ: ìránṣọ ọwọ́ ni gbogbo wa kọ́kọ́ kọ́. Kí ó gún abẹ́rẹ́ síwájú, kí ó padà gún un sí ibi tí ojú tó ṣáájú parí sí, kí ó tún jáde síwájú. Lójú òkè, yóò so mọ́ra wọn bíi ti máṣíìnì, kò sì ní tú bí ibì kan bá já. Kí ojú rẹ̀ kéré. Kí ó rán an lẹ́ẹ̀mejì bí Ìyá Ìbejì ṣe kọ́ wa. Òwú tó gùn ju apá lọ máa ń lọ́, kí ó gé e níwọ̀n.

---

Ọ̀rẹ́ Akọ́ṣẹ́

Ẹ ṣeun mà, èmi ni ọ̀rẹ́ náà. Mo ti ra aṣọ. Tí mo bá rán asẹ́ yìí tán, ọṣẹ wo ni kí n máa fi fọ̀ ọ́ kí ó má baà máa rùn? Ti ìyá mi nílé máa ń dúdú ní igun.

---

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, má fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́ rárá, yóò wọ inú oúnjẹ. Gbàrà tí o bá ti sẹ́ ògì tán, yí i padà, ṣàn án lábẹ́ omi kí ògì tó gbẹ mọ́ ọn. Fi ọṣẹ funfun lásán díẹ̀ fọ ojú rírán rẹ̀, ṣàn án títí kò fi ní yọ̀. Bí ó bá jẹ́ òwú, da omi híhó lé e lórí. Sá a sínú oòrùn tààrà kí ó gbẹ dé igun, kí o tó ká a sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Dúdú tí o ń rí ní igun ti ìyá rẹ, ọ̀rinrin tó há sí ojú rírán ló fà á. Bí ó bá ti wọ inú aṣọ báyìí, kì í lọ mọ́. Bá wọn rán tuntun nígbà tí o bá ń rán tìrẹ, yáàdì kan yẹn tó fún méjì.